Dísìkì Bíréèkì Tó Ń Gbọ̀n: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Lọ Ra Òmíràn

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Mile 12 lójoojúmọ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Láti Gáréèjì dé Ògólóńtò, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni. Níbi tí ọ̀nà bá ti là díẹ̀, kóróòpè á já wọ iwájú yín láti gbé èrò. Bí òjò bá rọ̀ tí omi bo títì lápá Ajégúnlẹ̀, bíréèkì tó ti gbóná janjan náà lẹ máa gbé wọnú omi tútù. Dísìkì ló ń gba gbogbo ìyà yìí, ìyẹn irin róbótó tí páàdì méjì máa ń há mọ́ àárín bí ẹ bá ti tẹ ẹsẹ̀.

Nígbà tí sítíárìn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohun tí ẹ máa gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni pé, “Dísìkì yín ti tẹ̀, ẹ lọ ra òmíràn.” Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn bí kò bá sí ìwọ̀n kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dísìkì tí wọ́n ń jù nù kò tíì parí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tuntun tí wọ́n sì dè mọ́ ọ́ọ̀bù (irin tí dísìkì àti táyà ń jókòó lé) tó kún fún ìpẹtà ló tún máa gbọ̀n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì tún náwó lẹ́ẹ̀kejì sórí ohun kan náà. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé dísìkì ni lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí ìgbà tí ó ń gbọ̀n. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ ń sá eré bíi 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí, tí ẹsẹ̀ yín kò sì sí lórí bíréèkì rárá, ọ̀rọ̀ táyà nìyẹn. Ẹ lọ ṣe bálánsì, kí ẹ sì ní kí wọ́n wo ríìmù bóyá kòtò ti tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, tó sì ń dákẹ́ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, dísìkì iwájú lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Bí àga àti ibi tí ẹ ń tẹ̀ bá ń gbọ̀n ju sítíárìn lọ, ẹ wo ẹ̀yìn náà. Ọkọ̀ tí kò ní dísìkì lẹ́yìn ní dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù tí kò róbótó mọ́ sì máa ń ṣe irú ẹ̀.

Gbígbọ̀n kan wà tí kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí ó ń ti ẹsẹ̀ yín padà kíákíá-kíákíá, ABS ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kálípà, ìyẹn irin tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, ló há, tàbí pé rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì ti dí nínú. Lẹ́yìn tí ẹ bá wakọ̀ dé, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá pọ̀ ju ti èkejì rẹ̀ lọ ni kálípà rẹ̀ ń há. Bí ẹ bá ra dísìkì tuntun láìtún kálípà yẹn ṣe, ẹ̀ ń dáná sun owó ni.

Ariwo náà ní ìtumọ̀. Èyí tó ń dún ṣíín bíi fèrè sábà máa ń wá láti ara irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n fi sí ara páàdì, tó máa ń fara kan dísìkì nígbà tí páàdì bá ti fẹ́ tán, kí ó lè kìlọ̀ fún yín. Ẹ ṣì ní àyè láti ṣètò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dún kẹrẹ-kẹrẹ bíi pé wọ́n ń fá irin lára irin, páàdì ti tán pátápátá, ìdí irin rẹ̀ ló ń jẹ dísìkì. Ẹ má tún gbé ọkọ̀ yẹn lọ sí ibì kankan àfi ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọjọ́ yẹn gan-an.

Ti ìpẹtà pupa tí ẹ máa ń rí lójú dísìkì láàárọ̀ lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n fọ ọkọ̀, ẹ má dààmú. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì bíi mélòó kan, páàdì á nù ún kúrò.

Wíwò àti wíwọ̀n

Ẹ tú táyà kúrò, kí ẹ wo ojú dísìkì méjèèjì, ti ìta àti ti inú. Ti inú ni àwọn èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù nígbà tí kálípà bá ń há. Ẹ fi èékánná gba ojú rẹ̀ kọjá láti àárín lọ sí etí. Ìlà tín-ín-rín tí kò dá èékánná dúró kò burú. Èyí tó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ń bọ́ sínú rẹ̀ yóò máa jẹ páàdì tuntun.

Bí ẹ bá rí àbàwọ́n aró tàbí dúdú lójú rẹ̀, ó ti gbóná kọjá ààlà. Bí ẹ bá sì rí sísán, ẹ wo ibi tó gùn dé. Sísán tó dé etí dísìkì, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ láti ihò bóòtù, òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè fá ìyẹn kúrò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é padà.

Ó wá ku wíwọ̀n. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà nu ara àárín dísìkì tàbí etí rẹ̀ títí ẹ fi máa rí ibi tí wọ́n tẹ “MIN TH” sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ní iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni mìlímítà tí dísìkì kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù lọ. Bí wọ́n bá kọ 23, tí tiyín sì ti di 22.6, ó ti parí, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, bíi mìlímítà 2 sí 3 péré ló wà láàárín tuntun àti òpin.

Níbí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Tí dísìkì bá ti pẹ́, etí rẹ̀ máa ń ga sókè díẹ̀ yíká, nítorí páàdì kì í dé ibẹ̀, ó ṣì nípọn bí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí mẹkáníìkì bá fi ìwọ̀n ẹlẹ́nu gígùn há a láti ìta, orí etí gíga yẹn ni ẹnu ìwọ̀n máa jókòó sí. Á ka 25, á ní ó ṣì dáa, nígbà tí ibi tí páàdì ń há ti di 22. Máíkírómítà, ìyẹn ìwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá mìlímítà, ló dáa jù, torí ẹnu rẹ̀ kéré, ó ń kọjá etí yẹn wọnú. Bí kò bá sí, ẹ mú wáṣà pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n nípọn bákan náà, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú dísìkì méjèèjì nínú ibi tí páàdì ń kàn, ẹ há gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n wáṣà méjèèjì kúrò nínú ohun tí ẹ bá kà.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní ojú 8 yíká, bíi mìlímítà 10 sí etí. Ìwọ̀n tó kéré jù ni ẹ máa fi wé MIN TH. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú tó nípọn jù àti èyí tó tín-ín-rín jù. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ti kọjá 0.03 mìlímítà, ẹsẹ̀ yín lè máa mọ̀ ọ́n. Wáṣà kò lè fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn, máíkírómítà nìkan ló lè ṣe é.

Kí ló ń mú kó má dọ́gba?

Ọ̀pọ̀ gbà pé iná ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó lè ṣẹlẹ̀, pàápàá bí dísìkì tó gbóná gan-an bá já wọnú omi. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́pọ̀ jù kì í pariwo. Ìpẹtà díẹ̀ wà lójú ọ́ọ̀bù, wọ́n sì de dísìkì tuntun lé e. Dísìkì yẹn kò jókòó dáadáa, ó wá ń yí pẹ̀lú ìjó kékeré tí ojú kò rí. Ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ojú kan náà ló ń ha páàdì lára, kódà nígbà tí ẹ kò tẹ bíréèkì. Ojú yẹn á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́ ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Nígbà tó bá fi máa di ẹgbẹ̀rún mélòó kan kìlómítà, ibì kan ti tín-ín-rín ju ibì kan lọ, sítíárìn á sì bẹ̀rẹ̀ ijó. Ẹni tó ra dísìkì á wá máa bú ẹni tó tà á fún un.

Ohun kejì ni dídi nọ́ọ̀tì táyà láìdọ́gba. Fọkanáísà á fi ẹsẹ̀ gun sípánà lórí ọ̀kan, á fi ọwọ́ lásán di èkejì. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwa awakọ̀: bí ẹ bá tẹ bíréèkì gidi láti orí eré, tí ẹ dúró, tí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kankan, ohun tó wà lára páàdì á lẹ̀ mọ́ ojú kan lára dísìkì tó gbóná. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ẹ fi hándíbíréèkì mú un, kí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Ká fá a ni, àbí ká ra òmíràn?

Àwọn tó ń lo léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè fá a, lè fá ojú dísìkì kó tún dọ́gba. Mo fara mọ́ ọn bí ìwọ̀n bá gbà á: lẹ́yìn fífá, ó gbọ́dọ̀ ṣì ju MIN TH lọ dáadáa, nítorí yóò tún máa jẹ bí ẹ ti ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fá ti ọ̀tún àti ti òsì, kí ojú méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Kí ẹni tó ń fá a tó gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ ní kó nu ibi tí dísìkì ti ń jókòó mọ́ ọ́ọ̀bù, torí bí ó bá gbé e sórí ìdọ̀tí, wíwọ́ ló máa fá sí i. Bí ìwọ̀n bá ti sún mọ́ òpin, ẹ má fi owó fífá ṣòfò.

Bí ẹ ṣe máa rà á

Láti Ìkòròdú, Òwódé Onírin ló sún mọ́ wa jù fún ohun èlò ọkọ̀, Ládípọ̀ ní Múṣin sì wà fún ẹni tó fẹ́ wá kiri sí i. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ gbé dísìkì àtijọ́ dání. Ẹ tún kọ nọ́ńbà ṣáṣíì ọkọ̀ yín sílẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú tàbí lára ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé. Orúkọ ọkọ̀ àti ọdún nìkan kò tó. Corolla 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà ní ihò bóòtù 5, ti Yúróòpù ìgbà kan náà ní 4, méjèèjì sì ń rìn ní ìgboro wa. Camry náà ní ihò 5, ṣùgbọ́n àyè tí àwọn ihò rẹ̀ gbà yíká fẹ̀ ju ti Corolla lọ, 114.3 mìlímítà sí 100.

Ẹ gbé àtijọ́ ka orí tuntun, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó yíká, iye ihò, ihò àárín, àti bí àárín rẹ̀ ṣe ga tó láti ojú tí páàdì ń kàn. Gíga yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Bí ó bá fi mìlímítà bíi mélòó kan yàtọ̀, dísìkì á máa ha kálípà tàbí kó má bọ́ sáàárín páàdì dáadáa. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ oníhò afẹ́fẹ́ láàárín irin méjì, ẹ má gba èyí tó dí.

Ẹ ra méjì, ọ̀tún àti òsì, irú kan náà. Ẹ ra páàdì tuntun pẹ̀lú, nítorí páàdì àtijọ́ ti gbẹ́ ara rẹ̀ bá ìlà dísìkì àtijọ́ mu. Àwọn tó ní ihò tó-tò-tó lójú tàbí ìlà tí wọ́n gbẹ́ sí i, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ eré ìje. Ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkòròdú, èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́jú ló tó yín, etí àwọn ihò wọ̀nyẹn sì ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ayédèrú, ẹ má gbára lé páálí, torí páálí ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ gbé dísìkì náà fúnra rẹ̀. Bí tuntun bá fúyẹ́ ju àtijọ́ tó ti jẹ lọ, ẹ dá a padà. Ẹ wo bóyá MIN TH wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e dúró, kí ẹ wo etí rẹ̀ yíká: irin méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò afẹ́fẹ́ láàárín, nínípọn wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tí ọ̀kan nípọn bí àtàǹpàkò, tí èkejì tín-ín-rín, kì yóò gbóná dọ́gba. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà bí kò bá wọlé, kí ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mi ò ta kò ó. Ojúlówó tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun lè dáa ju tuntun tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwọ̀n yín lọ sọ́jà. Kí méjèèjì jẹ́ ti ọkọ̀ kan náà, kí wọ́n sì ju MIN TH lọ ní mìlímítà kan ó kéré tán. Ẹ wo inú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ní àwọn ìlú olótùútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ àárín dísìkì nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Bí ẹ bá fi sikirudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án nínú, tí irin ń já bọ́ bíi èèpo, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Dídè é

Ẹ lè má ṣe é fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Ọkọ̀ tí hándíbíréèkì rẹ̀ jẹ́ oníbọ́tìnnì nílò ẹ̀rọ sìkánà fún ẹ̀yìn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.

1. Ilẹ̀ tó le, tó tẹ́jú. Ẹ fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó fi jáákì gbé e. Ẹ fi sítáǹdì onírin sábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe sítáǹdì o, ó lè fọ́ lójijì, ẹ̀mí ni a sì ń sọ.

2. Ẹ fi àkísà tútù nu eruku páàdì. Ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

3. Ẹ tú kálípà, kí ẹ fi wáyà so ó kọ́ ara sípíríìnì. Kò gbọ́dọ̀ máa rọ̀ sórí rọ́bà omi bíréèkì, torí rọ́bà yẹn lè ya nínú láìhàn síta.

4. Bí dísìkì bá lẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní ihò kékeré méjì lójú, tí wọ́n gbẹ́ ìlà bóòtù sí nínú. Ẹ fi bóòtù tó bá a mu wọ méjèèjì, ẹ máa yí wọn ní àyípo-àyípo, á ti ara rẹ̀ jáde. Òòlù máa ń ba bíárìn jẹ́.

5. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú yín níbí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti sáńdípépà nu ojú ọ́ọ̀bù títí irin funfun á fi yọ, pàápàá ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan àti yíká ibi tó yọ gọngọ láàárín. Ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ìdí bóòtù, nípọn bí èékánná. Ẹ fi ìka yín yí i ká. Bí ẹ bá mọ ibì kan tó ga ju ibì kan lọ, ẹ tún un ṣe.

6. Dísìkì tuntun máa ń ní epo tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ lo omi tí wọ́n ṣe fún fífọ bíréèkì. Epo tó bá kù lójú rẹ̀ á wọnú páàdì.

7. Ẹ gbé e wọlé, ẹ fi nọ́ọ̀tì mú un mọ́lẹ̀, kí mẹkáníìkì tó ní ìwọ̀n olójú aago wò ó bó ṣe ń jó tó bí ẹ bá yí i. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, kò yẹ kó kọjá 0.05 mìlímítà. Bí ó bá kọjá, ẹ yọ ọ́, ẹ yí i sí ihò tó tẹ̀ lé e, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

8. Ẹ yọ pín-ìnnì tí kálípà fi ń sún, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa á. Ẹ ti písítìnnì kálípà wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ike omi bíréèkì kó má kún jáde, torí ó máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀.

9. Ẹ dè é tán, ẹ di nọ́ọ̀tì táyà ní ìdàkejì-dàkejì, díẹ̀díẹ̀. Fún Corolla àti Camry, 103 Nm ni lórí sípánà tó ń ka agbára. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ló máa lọ, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Lẹ́yìn tí ẹ dè é

Páàdì àti dísìkì tuntun gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Ẹ wá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ tàbí ti Ìtóìkín ṣì dá. Ẹ sáré dé bíi 50 kìlómítà ní wákàtí, ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí á fi kù bíi 10, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ tún sáré. Ẹ ṣe é bíi ìgbà 10, ẹ má sì dúró pátápátá láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ máa wà á lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kí atẹ́gùn lè tù ú. Òórùn jíjó díẹ̀ kì í ṣe nǹkan.

Bí ẹ bá ti rìn tó 100 kìlómítà, ẹ tún di nọ́ọ̀tì wò. Ẹ kọ ìwọ̀n dísìkì, MIN TH rẹ̀ àti kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sínú ìwé kékeré, kí ẹ fi sínú ihò iwájú ọkọ̀. Ìgbàkígbà tí fọkanáísà bá tún tú táyà, ẹ sọ fún un pé kó má fi ẹsẹ̀ gun sípánà, kí ẹ sì wọn dísìkì náà wò kí ó tó de táyà padà.